Àléébù Tí Mo Fi Bébà Bò Nílé Tak

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ atúnlẹ̀ṣe wa ní ìlú Jecheon ní kí n kọ àwọn àléébù ilẹ̀ gbígbóná, ilẹ̀ yàrá tí a ń mú gbóná láti abẹ́, sílẹ̀ kí n tó kú. Ẹ ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Òótọ́ ni. Màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà tí mo ti fi pamọ́ láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, bí n kò bá sì kọ ọ́, irọ́ ni gbogbo ìyókù. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní rí òpin ìgbà òtútù tó ń bọ̀ yìí. Mo gbà á gbọ́. Èmi náà mọ ohun tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ nígbà tí mo bá rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò lọ́nà. Bí yàrá kan bá tutù tí àwọn yòókù gbóná, atẹ́gùn ló há sínú páìpù omi gbígbóná tó gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá náà. Ẹ ti fáàfù tó ń ṣí omi sí àwọn yòókù, kí omi lè ti atẹ́gùn jáde, títí páìpù kò fi ní pariwo mọ́. Bí gbogbo ilé bá tutù tí bọ́ílà tó ń se omi sì ń jó, ẹ gbé ọwọ́ lé pọ́ọ̀ǹpù. Bó bá ń kùn tí kò yí, ó ti há. Ẹ tú u, ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá àárín rẹ̀. Bí omi inú bọ́ílà bá ń dín kù lójoojúmọ́, páìpù ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ má kàn máa bu omi kún un. Bí ẹ̀rọ ara ògiri tó ń wọn ooru yàrá bá ń pa iná nígbà tí ẹsẹ̀ onílé ṣì tutù, ẹ wo ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá ìkòkò ìrẹsì oníná lábẹ́ rẹ̀. Ìkòkò ló ń gbóná, kì í ṣe ilé. Àwọn wọ̀nyí kì í pa ènìyàn.

Èyí tó pa ènìyàn ti ṣẹlẹ̀ kí páìpù tó dé. Ní ọdún 1976, abẹ́ òkúta ni ooru ń gbà. Èédú oníhò la ń dá ní ilé ìdáná, èéfín rẹ̀ a gba abẹ́ òkúta pẹlẹbẹ inú yàrá kọjá, a sì jáde lẹ́yìn ilé. Amọ̀ la fi ń dí àárín òkúta, bébà olóròóró la fi ń bo amọ̀. Èéfín yẹn ń pa ènìyàn lójú oorun, kò sí ìgbà òtútù tí kì í pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí òfin iṣẹ́ wa fi jẹ́ ẹyọ kan: bí amọ̀ bá gbẹ, kí bébà tó bò ó, da koríko tútù sínú iná, dí ọ̀nà èéfín lẹ́yìn ilé, kí o wá wo ilẹ̀. Ibi tí èéfín bá ti yọ, ibẹ̀ ni kí o dí. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì ti ń ṣe é bó ṣe yẹ fún ọdún méjìlá. Wọ́n máa ń ní ilẹ̀ tí èmi Pyo bá tẹ́, ológbò kì í dìde lórí rẹ̀. Mo gba ìyìn yẹn gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Tak Jae-bong, tó ní ẹ̀rọ ìlọrẹsì ní ìsàlẹ̀ òkè, pè mí ní oṣù kọkànlá. Ìyá rẹ̀ fẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Ó fẹ́ kí n tún ilẹ̀ yàrá ìyá ṣe kí àlejò tó dé. Ọjọ́ mẹ́rin ló fún mi. Mo mọ̀ pé amọ̀ kì í gbẹ ní ọjọ́ mẹ́rin nínú òtútù. Mo ní yóò gbẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, àwọn obìnrin ilé ti lẹ bébà, wọ́n ti fi òróró ẹ̀wà pa á, ó pọ́n bí oyin. Namgung ló rántí, ẹni tó máa ń bá mi po amọ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "a ò tíì da koríko síná o." Mo ní, "Lórí amọ̀ tí èmi fọwọ́ ara mi tẹ̀?" Ó ní, "Ọwọ́ yín kọ́ ni mò ń bú. Amọ̀ ni n ò gbà gbọ́." Mo ní, "Gba amọ̀ gbọ́, kí o lè ráyè lọ jẹun." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ fọ ọwọ́. Ẹ má dá a lẹ́bi. Èmi ni ọ̀gá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, iná ti ń jó, àwọn obìnrin bíi mẹ́fà sì ń din àkàrà pẹlẹbẹ lẹ́nu ọ̀nà nítorí àsè ọjọ́ kejì. Ìyàwó Jae-bong wọlé tọ̀ mí wá. Ìlú Danyang ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, nítorí náà Ìyàwó Danyang ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lo ọdún mẹ́ta nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Ó ní, "Ọ̀gá Pyo, mò ń gbóòórùn èédú níbi ìsùn ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Ibi ìsùn ìyá ni apá ilẹ̀ tó sún mọ́ ẹnu iná jù, ibẹ̀ ló máa ń gbóná jù. Àgbà ilé ló ni ín. Ọmọ tó bá lọ nà gbalaja síbẹ̀, wọn kò kọ́ ọ nílé ni. Àwọn obìnrin náà ń gbọ́ wa. Ojú tì mí pé ẹnìkan ń yẹ iṣẹ́ mi wò. Mo ní, "Òórùn òróró ni, ìyàwó. Àbí ohun tí gbogbo ilé ń retí ti dé ni? Imú aláboyún ló máa ń gbóòórùn ohun tí kò sí." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ bá wa ṣe àmín sí i o, ọ̀gá." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jáde. Ó kìlọ̀ fún mi, mo sì fi àìrọ́mọbí rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó lọ tán, mo dojú bolẹ̀, mo fi imú kan bébà. Èédú ni. Mo ká etí bébà sókè. Amọ̀ ti sán, kò ju gígùn ìka kan lọ, etí rẹ̀ ti dúdú. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe: kí n pa iná, kí n hú bébà, kí n sọ fún Jae-bong pé ẹnikẹ́ni kò ní lè jókòó ní yàrá yẹn lọ́la. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ya bébà kékeré kan, mo fi àtè ìrẹsì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó sán, mo tẹ bébà ńlá padà lé e. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sọ fún ara mi pé màá padà wá ṣe é lẹ́yìn àsè. Namgung dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí mi.

Àsè náà dùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá kò jí. Wọ́n bu omi dongchimi sí i lẹ́nu, omi gbòǹgbò rádíìṣì kíkan tí ilé kọ̀ọ̀kan máa ń tọ́jú de èéfín. Kò gbé e mì. Tak Sang-u, àbúrò bàbá Jae-bong, tó jẹ́ olórí ìdílé, ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, ìdílé kún àgbàlá. Ìyàwó Danyang wà lórí eékún lórí ilẹ̀ yìnyín, irun rẹ̀ tú sílẹ̀. Sang-u ní, "Pyo, ìwọ lo mọ ilẹ̀. Ilẹ̀ ni, àbí ọwọ́ ènìyàn?" Mo wọ yàrá, mo rìn yí ká bí ẹni tó ń yẹ nǹkan wò. Mo jáde. Mo ní, "Ilẹ̀ dára. Ta ló pààrọ̀ èédú kẹ́yìn?" Ìyàwó Danyang ní, "Èmi ni." Mo kọjú sí Sang-u, mo ní, "Ó ti ihò atẹ́gùn pa lórí èédú tuntun, kó má baà tètè jó tán. Èéfín wá padà sínú ilé." Ó ní, "Mi ò tì í pa. Ọ̀gá Pyo, mo sọ fún yín. Mo ní mò ń gbóòórùn rẹ̀." Mo wò ó lójú. Mo ní, "Òórùn òróró lo gbọ́, ìyàwó." Sang-u ní, "Ọdún mẹ́ta, kò fún wa lọ́mọ. Ó tún wá gba ìyá lọ́wọ́ wa." Jae-bong wolẹ̀. Kò gbèjà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ló gbà, nítorí pé èmi ni Pyo.

Bí ẹ bá rò pé ìyẹn ló burú jù, ẹ dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú lọ sin sórí òkè, mo sọ fún Jae-bong pé màá dúró gbá ọ̀nà èéfín fún un, kí ewu má tún wọlé. Ilé ṣófo. Mo hú bébà, mo gbẹ́ ibi tó sán, Namgung po amọ̀ mọ́ ẹfun, mo dí i bó ti yẹ kí n ti dí i ṣáájú. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe lọ́dún yẹn nìyẹn. Namgung ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Ọmọdé ni. Yóò rí ọkọ mìíràn." Nígbà tí Jae-bong dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́. Ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ ẹran ilé ọ̀fọ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti lé ìyàwó rẹ̀ padà sí Danyang pẹ̀lú ìdì aṣọ kan.

Ilé náà kò pa ẹlòmíràn. Orúkọ mi ga sí i. Páìpù dé, mo kọ́ ọ, mo sì fi kọ́ yín. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ wo Namgung ní ọsibítù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá pàdé ìyá yẹn lọ́hùn-ún, kí ni kí n wí?" Mo ní, "Sọ pé èmi ni." Ó ní, "Ẹ ò ní rán mi níṣẹ́ yẹn. Ẹnu yín ni kí ẹ fi sọ ọ́." Ó kú lọ́jọ́ kẹta.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Danyang ní oṣù kẹfà tó kọjá, nígbà ìkórè aáyù. Mo bá Ìyàwó Danyang lábẹ́ ibòji ilé rẹ̀, ó ń so aáyù ní ìdì-ìdì. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Pyo tó ń tún ilẹ̀ ṣe ní Jecheon ni." Kò dáwọ́ dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró. Ó so ìdì kan tán, ó mú òmíràn. Ó ní, "Mo mọ̀." Mo ní, "Láti ìgbà wo?" Ó ní, "Láti ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Imú mi ò kú, ọ̀gá." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, orúnkún yín ò lè gbé yín padà mọ́. Ta lẹ ti sọ fún?" Mo ní òun nìkan ni. Ó ní, "Kí lẹ wá ń sọ ọ́ fún mi sí? Èmi mọ̀. Àwọn ni kò mọ̀."

Mo ti sọ fún Jae-bong. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Ọ̀gá Pyo, ẹ ò bá jẹ́ kí n kú tán kí ẹ tó sọ ọ́." Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ. Sang-u ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà, àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn sì ní ọmọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí obìnrin ilé bá sọ pé òun gbóòórùn nǹkan, tàbí pé ilẹ̀ òun kò rí bó ṣe rí lánàá, ẹ fi imú yín kan ilẹ̀. Òun ló ń sùn níbẹ̀. Ẹ̀yin máa lọ sílé yín ni.

N kò bẹ̀bẹ̀ fún ara mi. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ ka ìwé yìí sókè ní ìpàdé, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ọjà àti ní ilé ọ̀fọ̀, títí yóò fi dé etí gbogbo ẹni tó ti gbọ́ irọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fo orúkọ. Gu Mal-sun, tí ẹ mọ̀ sí Ìyàwó Danyang, tọ́jú iná bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ tí èmi Pyo Gil-ho tẹ́ ló pa ìyá Tak, mo sì mọ̀ kó tó pa á.