Ìgò Kékeré Méjì Tí Mo Pààrọ̀ Ìdérí Wọn

Ẹ gbé káàdì yẹn kúrò níwájú mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi kọ "olùkọ́ olóòótọ́" sí i, ṣùgbọ́n ó ń bí mi nínú. N kò ní dìde nínú àìsàn yìí mọ́, n kò sì fẹ́ kí irọ́ bá mi wọ sàréè. Ẹ jókòó, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé inú sẹ́ẹ̀lì dà bí ilé oníyàrá púpọ̀, pé purotéènì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì lára tó ń sọ yàrá tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tí mo bà jẹ́ nídìí rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, la jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan náà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní òkúta nínú kíndìnrín. Èmi sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé purotéènì kan nínú ẹ̀dọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí òkúta dì nínú kíndìnrín, ló bàjẹ́, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Àbúrò mi ní rárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò bàjẹ́," ló wí. "Àdírẹ́sì ara rẹ̀ ni kò dáa. Yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, ibẹ̀ ló jókòó sí tí kò rí iṣẹ́ ṣe."

Dókítà ọmọ náà ní tó bá lè fi èyí hàn, oògùn kan wà tí òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́jọ́ kejì. Ṣé ẹ gbọ́? Lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀, inú bí mi. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, tó fi fẹ́ wá tú ìwé mi palẹ̀ lójú àwọn ọ̀gá? Òǹrorò ni mí.

Àbúrò mi pín ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ sí ìgò kékeré méjì, ọ̀kan láti yàrá tó yẹ, ọ̀kan láti yàrá tí kò yẹ. Orí ìdérí nìkan la máa ń kọ orúkọ sí nígbà náà. Ó jáde lọ jẹun ọ̀sán. Mo ṣí méjèèjì, mo pààrọ̀ ìdérí wọn, mo padà sídìí tábìlì mi. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí èsì jáde, ó fi hàn pé purotéènì náà wà níbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Àbúrò mi sunkún. Èmi, ọ̀dájú, mo bá a nu omijé, mo ní kó gba kámú.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, àwọn ẹlòmíì rí ohun tó ti sọ. Kíndìnrín ọmọ náà méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, oògùn yẹn kò wúlò fún un mọ́. Àbúrò mi wá bá mi, ó ní òun lòun ṣe àyẹ̀wò náà lódì, òun lòun fọwọ́ ara òun ba ọmọ òun jẹ́. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé. Ọ̀rọ̀ ìdérí kò tó o.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni bá ń ta yín lára, ẹ kúrò nídìí rẹ̀, ẹ lọ bínú níta. Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Tí n kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tó bá dé, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe òun. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹ tó bá mi bẹ̀ ẹ́.