Èmi Ni Ìyá Catford Yẹn

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Làtíìfù ni orúkọ mi, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, nítòsí Rye Lane, ní Peckham, ní ìlú òyìnbó níbí. Mi ò kàwé púpọ̀, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má bínú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ, mi ò fi iyọ̀ kún un. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo fi gbé e mì. Àmọ́ mo lọ sí Umrah lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èmi ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, mo dúró níwájú Káábà, kò sí àdúrà tó wá sí mi lẹ́nu, àfi orúkọ ọmọ kan: Yaqub. Mo ní, ha, Làtíìfù, ó tó gẹ́ẹ́, lọ jẹ́wọ́. Mo ti jẹ́wọ́ fáwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n níta gbangba ni mo ti ba ọmọ yẹn jẹ́, níta gbangba náà ni mo fẹ́ tún un ṣe.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi jókòó ti fóònù ṣọ́ọ̀bù wa. Hàlímọ̀tù ìyàwó mi ló ń gba ẹrù, Yusrah ọmọ wa ló ń ṣe ìwé kọ́ńténà, èmi ni mò ń gbé fóònù. Béèyàn bá ti ní "hẹ́lò" péré, mo ti mọ̀ ọ́n, mo ti mọ àdúgbò tẹ́rù rẹ̀ ń lọ. Ìgbà tó yá, wọ́n kọ̀wé sí wa pé lándíláìnì àtijọ́ ń kógbá sílé, ká lọ wá fóònù tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yusrah ní Yaqub ni ká gbé iṣẹ́ náà fún. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ti kú ni Yaqub, èmi ni mo máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé kéú nígbà tó wà ní kékeré. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ fóònù tirẹ̀ sílẹ̀ ni, àwa sì ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Àìná tó ń ṣe irun àti Fọlá tó ń ta aṣọ, àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí wa, sọ pé tiwa làwọn ń wò. Tó bá dáa, àwọn náà á gbé iṣẹ́ fún un. Ó ní ká lò ó wò fóṣù kan ná. Ó gba ohùn Hàlímọ̀tù sínú ẹ̀rọ: "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tẹ́rù yín dé, ẹ tẹ oókan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká wá gbẹ́rù, ẹ tẹ eéjì." Yusrah ń fò sókè: "Daddy, ẹ ò ní máa jókòó ti phone mọ́! Ẹ lè máa chill nílé ní Nunhead." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára bí òtútù. Kí n jókòó sílé kí n máa wo kí ni? Ògiri?

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn àgbàlagbà ń pè, wọn ò tẹ nǹkan kan. Wọ́n gbọ́ ohùn Hàlímọ̀tù, inú wọn dùn: "Ẹ kú ilé o, Àlájà. Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Wọ́n á wá dákẹ́, wọ́n ń retí èsì. Ta ló máa já lu ìyàwó oníyàwó lọ́rọ̀, kó máa tẹ bọ́tìnì sí i létí? Ẹ̀rọ á dúró díẹ̀, á gé e. Ọlágòkè ọ̀rẹ́ mi ní Old Kent Road bá mi jà: "Kí ni mo ṣe fún ìyàwó ẹ? Mo kí i títí, kò dá mi lóhùn!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kí n sọ fún Yaqub, á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Mi ò sọ. Ẹ wo ìwà àgbà!

Kò tán síbẹ̀. Mo dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé wa ní Nunhead, mo fi fóònù ọwọ́ mi pe ṣọ́ọ̀bù, mo fi nọ́ńbà pamọ́, mo sọ ohùn mi di tín-ín-rín bíi ti ìyá àgbà kan ní àdúgbò Catford, mo fi mẹ́séèjì sílẹ̀: "Èmi Ìyá Catford ni. Kí lẹ̀ ń fẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́ àgbà fún? Ó já mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta! Mò ń kẹ́rù mi lọ ibòmíì." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Ìyá Catford pè. Èmi, bàbá ọlọ́mọ!

Ó wá di Sátidé tí a fẹ́ ti ilẹ̀kùn kọ́ńténà kó máa lọ Èkó, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Àìná àti Fọlá wá wo fóònù. Yusrah fi mẹ́séèjì Ìyá Catford síta, gbogbo wọn gbọ́. Hàlímọ̀tù káwọ́ lérí: "Yéè! Ta lobìnrin yìí? A ò gbọdọ̀ pàdánù ẹ̀ o." Yaqub tẹ́tí sí i, ó wò mí. Ó tún un gbọ́, ó tún wò mí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo nàka sí i lójú: "O ò mọ iṣẹ́! O fẹ́ ba ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́! Bí bàbá ẹ bá wà láyé, ojú á tì í." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi òkú bàbá rẹ̀ kún un. Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn àgbá ẹrù: "Ẹ má bínú, Daddy. Àṣìṣe mi ni." Ó tú ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé e lọ. Àìná àti Fọlá ò pè é mọ́. A gbọ́ pé ó pa iṣẹ́ náà tì, ó lọ ń wakọ̀ fún èèyàn.

Ọlọ́run sì fi mí ṣẹ̀sín. Ilé-iṣẹ́ fóònù míì tí a tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́ta gbáko fún lẹ́yìn tí Yaqub lọ, bí fóònù wọn bá bàjẹ́ tí mo pè wọ́n, ẹ̀rọ tiwọn á ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eérin, á máa kọrin sí mi létí. Bí orin yẹn bá ti ń lọ, Yaqub ni mò ń rí lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí mo ti Umrah dé, mo ránṣẹ́ pe gbogbo wọn ní Sátidé, sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn náà. Mo ní, "Èmi ni Ìyá Catford." Hàlímọ̀tù ní, "Ta ni?" Mo sọ ohùn mi di tín-ín-rín, mo tún un sọ. Yusrah fọwọ́ bojú: "Daddy, no!" Yaqub bú sẹ́rìn-ín. "Daddy, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ìyá Catford wo ni ẹ̀rọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé yín ní Nunhead ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀? Àti pé ohùn tó kọ́ mi ní súrà lójú ọ̀nà ilé kéú, ṣé mi ò ní dá a mọ̀ ni?" Mo ní, kí ló dé tí o ò sọ? Ó ní, "Níwájú àwọn oníbàárà yín? Kí n ní ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Daddy?" Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gbá mi mú kí eékún mi tó kanlẹ̀. Àìná ní, "Yaqub, ọjọ́ Mọ́ńdè ni kó o wá ṣe tèmi o." Fọlá ní tòun ni kó kọ́kọ́ ṣe. Hàlímọ̀tù ò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé oúnjẹ kalẹ̀: "Ìyá Catford, ẹ wá jẹun." Orúkọ tí mò ń jẹ́ nílé báyìí nìyẹn, ó sì tọ́ sí mi.

Ọdún mẹ́ta yẹn ti pé, ẹ̀rọ Yaqub ti padà wá. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan péré yẹn fún un. Hàlímọ̀tù á kí yín, á dákẹ́ kẹ́ ẹ ráyè dáhùn, á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ dúró fún Bàbá," fóònù á wá dún lórí tábìlì mi. Àṣé bí mo bá béèrè ni, kò sẹ́ni tó máa ní kí n dìde lórí àga mi! Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ra fóònù fún ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ bi àgbà tó ń gbé e léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má torí ẹ̀ ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Yaqub ti forí jì mí, ẹ̀yin náà ẹ forí jì mí. Ẹni tó bá ní irú èyí nínú, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ síbí, kò dìgbà tó bá mọ̀wé. Bí kíkọ bá le, ẹ pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan ló máa kọ́kọ́ kí yín. Ẹ dá a lóhùn dáadáa. Ó máa dúró dè yín.