Ẹni Tó Máa Ń Bá Mi Dáhùn

Ẹ̀wọ̀n Jẹ́dà ni mo wà, ibẹ̀ ni n ó sì wà títí irun mi yóò fi funfun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ má wá ẹni tó tì mí débẹ̀. Èmi ni mo ṣe ikú pa Mùbáárákì, ọ̀rẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé, mo sì tún purọ́ mọ́ òkú rẹ̀.

Al-Hujun ní Mẹ́kà la ti dàgbà. Nígbà tí ìyá tó bí mi kú, Àlàájà, ìyá Mùbáárákì, ló gbà mí tọ́, kò sì fìgbà kan bu oúnjẹ mi kéré sí ti ọmọ rẹ̀. Ní ìdájí, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, yóò pè wá fún ìrun Súbùhì, kò sì ní í lọ àfi tí àwa méjèèjì bá dáhùn. Oorun sì dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Mo bẹ Mùbáárákì kó máa bá mi dáhùn, mo sì ń fi ẹran inú oúnjẹ mi san án fún un.

"Ṣé ẹ ti jí?"

"Sihíìtì, yà ummì!" Tirẹ̀ nìyẹn, ní Lárúbáwá, bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ki ohùn bọlẹ̀: "Mo ti jí, mà!" Tèmi nìyẹn.

Àlàájà a ní, "Ọmọ dáadáa. Yorùbá tìẹ ò sọnù." Èmi tí wọ́n ń yìn ń hanrun lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ń gbé Al-Sabeel ní Jẹ́dà. Ilé àwọn onírìn-àjò Háájì kan ní Al-Aziziyah, ní Mẹ́kà, gbà mí kí n máa tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn fáànù tó ń fa èéfín ọkọ̀ jáde lábẹ́ ilẹ̀ ilé náà, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Èmi náà ni mo bá Mùbáárákì wá iṣẹ́ aṣọ́lé níbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún ni yàrá rẹ̀ wà.

Káàdì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí à ń pè ní ajá. Ètò tó ń darí fáànù gbọ́dọ̀ máa sọ fún un léraléra pé òun wà láàyè. Bí ajá ò bá gbọ́ nǹkan, á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn, kí ètò tó ti dákú lè jí. Fèrè á wá dún káàkiri ilé, ọ̀gá á sì pè mí kí n máa bọ̀ láti Jẹ́dà. Nígbà Háájì, ètò náà ń dákú ṣáá. Dípò kí n wá ohun tó ń ṣe é, mo kọ ètò kékeré mìíràn tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa dá ajá lóhùn, ìbáà jẹ́ pé ètò fáànù ti kú. Fèrè dákẹ́, mo sinmi.

Mo sọ fún Mùbáárákì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Walláhì, ìwọ yìí! O ti tún rí Mùbáárákì mìíràn."

"Ó sàn jù ẹ́ lọ. Kì í gba ẹran lọ́wọ́ mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ kún abẹ́ ilẹ̀, àwọn awakọ̀ ò sì pa ẹ́ńjìnnì nítorí ooru. Ètò fáànù kú. Ajá béèrè, ètò mi sì dáhùn pé kò séwu. Mùbáárákì ti kírun Àìlá, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Kò jí mọ́.

Mo ń sunkún, mo sì ń pa ètò mi rẹ́. Nígbà tí ọlọ́pàá bi mí, mo ní Mùbáárákì ló pa fáànù torí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn.

"Mùbáárákì?" ni Àlàájà wí. "Ọmọ tó lè sùn níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta?" Ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sùn nígbà ọ̀fọ̀. Ní ìdájí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀: "Ṣé ẹ ti jí?" Ojú mi là sílẹ̀, àmọ́ ohùn Mùbáárákì ni mò ń dúró dè. Àlàájà tún pè. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ohùn ìgbà èwe wa. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọlọ́pàá.

Níwájú adájọ́, Àlàájà ní, "Mo ti dárí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi jì í nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n irọ́ tó pa mọ́ òkú, ẹ jẹ́ kó jìyà rẹ̀." Ó sì máa ń wá wò mí. Bó bá ti jókòó báyìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé o ti jí?"

"Mo ti jí, mà."

Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi dáhùn ti Mùbáárákì náà." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó forí jì mí, n kò lè ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dákun, bí wọ́n bá pè yín, ẹ fi ohùn ara yín jẹ́ ẹ. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni kó bá yín dáhùn, nítorí ọjọ́ kan lè wà tí ìyá rẹ̀ yóò ní kí ẹ̀yin náà bá a dáhùn.