Ìrìn Oko Tí Fóònù Ò Bá Wa Lọ

Nínú mọ́tò Òsí sí Ìlọ́fà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́mọ kan àti ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì í.

"Màmá, bàbá ọmọ mi wálé láti Ìlọrin, ó ní ká jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ló bá bú sẹ́kún."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ní, 'Èmi ò mọ̀nà mọ́ o. Ìwọ ni kó o mú wa lọ.' Ó nujú, ó bọ́ síwájú. Gbogbo igi tó rí ló ń béèrè orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ tó ń sá fún tẹ́lẹ̀! Nígbà tá à ń bọ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Ẹ rọra rìn, ilé ti ń sún mọ́ jù.'"

Ìyá àgbà tún un sọ jẹ́jẹ́: "Ilé ti ń sún mọ́ jù."