Orúkọ Ni Mo Kọ, Ìlérí Ni Wọ́n Gbọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, nítorí orí mi ti dàrú. Ó yẹ kí inú mi dùn. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní òwò ṣíṣe ní Kútọnu pè mí láàárọ̀ àná, ó ní mo ṣe bẹbẹ, ó ní ọjà mi ti yege kó tó délẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, ṣe ni mò ń sá fún èèyàn. Ṣé ẹni tó yege ló ń fara pamọ́ fún àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́jà?

Àpótí onígíláàsì ni mo fẹ́ máa ṣe tà níbí ní Dáásà, èyí tí obìnrin á máa sá gbodo, iṣu gbígbẹ, sí, kí òjò àti ewúrẹ́ má lè débẹ̀. Orí àpáta ni àwọn obìnrin àdúgbò Kèrè ń sá iṣu tí wọ́n bá ti bọ̀ nínú omi gbígbóná, kálukú ló sì ní ojú àpáta tirẹ̀ tí ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Tí ẹnìkan bá yọ̀ǹda tirẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò lè gbà á padà àfi tí ẹ̀ẹ̀rùn bá parí. Olùkọ́ wa ní kí a má tíì kan àpótí kankan. Ó ní ká kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ han àwọn èèyàn, kí ẹni tó bá wù kọ orúkọ sílẹ̀ kó máa retí. Tí orúkọ bá pọ̀, ká kàn án. Tí kò bá pọ̀, ká gbàgbé rẹ̀, kò sóhun tó bàjẹ́. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò sóhun tó bàjẹ́.

Mo gbé àwòrán lọ sí Kèrè lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà. Ìyá Rósì, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ló kọ́kọ́ ní kí n kọ orúkọ òun. Ni àwọn yòókù bá rọ́ dé, wọ́n ń du ipò. “Èmi ló kàn lẹ́yìn Ìyá Rósì o, má fi mí sísàlẹ̀.” Mo ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé àpótí ló wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èmi ọ̀dẹ̀, n kò rántí pé inú tọ́ńtìn, àjọ tí wọ́n ń dá, nìkan ni wọ́n ti ń kọ orúkọ tẹ̀léra. Nínú àjọ, ẹni tí a bá ti kọ orúkọ rẹ̀, dandan ni kó kàn án. Ta ló ń kọ orúkọ àgbàlagbà sílẹ̀ láti fi bi í bóyá nǹkan wù ú? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Tèmi balẹ̀, n kò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Mo bá gbodo Ìyá Rósì lórí ilẹ̀ lásán lẹ́yìn ilé ìdáná, adìyẹ ń tẹ̀ ẹ́, apá kan ti ń bu. Gbodo yìí ló ń tà ní ọjà Glazoué tó fi ń jẹun títí iṣu tuntun á fi dé. Mo bi í pé àpáta ńkọ́.

“Mo ti fún ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Kí lèmi tí mo ní àpótí ń fi àpáta ṣe?” Kò bínú rárá. “Má kánjú, ọmọ mi. Mò ń dúró dè ọ́.”

N kò ní pákó, n kò ní gíláàsì. Olùkọ́ ní kí n fi orúkọ wọn wá ẹni tí yóò fi owó ràn mí lọ́wọ́, kí n lè kàn án, bóyá ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Tí mo bá sọ fún wọn pé ìbéèrè lásán ni mo béèrè, Ìyá Rósì á di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú àwọn tó tìtorí rẹ̀ kọ orúkọ. Tí mo bá dákẹ́, àwọn mìíràn á tún fi àpáta sílẹ̀. N kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó jalè. Ṣé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni, àbí àwọn ló ṣì í gbọ́?

Lálẹ́ àná, Rósì pè mí. Ó ní ìyá òun ti ro ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó ti gbá a mọ́, ó sì ti to òkúta sílẹ̀ síbi tí àpótí máa jókòó. Ó ní ìyá ní kí òun bi mí bóyá ibẹ̀ fẹ̀ tó. Mo ní màá pè é padà. Ẹ dákun, kí ni kí n sọ fún un?