Ológbò Tí Ẹ Ń Pè Ní Ajá

Alága ìjókòó òní, Olóyè Bọ̀wálé, ẹ kú ọlá. Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ẹranko wa, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti Ìjagun wá, ẹ̀yin ará Ìbẹ̀fún, ìlú mi, tí ẹ gun ọ̀kadà nínú oòrùn yìí nítorí tèmi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń gba èékánná ológbò sára, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín.

Èmi Fáyọ̀kẹ́, dókítà ẹranko yín, ń fẹ̀yìn tì lónìí, wọ́n sì ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tó dùn. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ nínú ìwé ètò ọwọ́ yín. Ẹ kà á bí ẹ bá délé. Mo dúpẹ́ pé ẹ fara da ẹnu mi láti ìgbà tí mo ti dé. Ó mú, mo mọ̀. Ẹ tún fara dà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, kí ni ológbò fi ṣe yín? Bí Ojúde Ọba bá dé, ẹ ó fi àrán àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ ó gùn ún kí gbogbo ayé lè rí yín. Ajá, ẹ ń fà á kiri ìgboro. Ológbò nìkan lẹ ń fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ilé, kí aládùúgbò má bàa pè yín ní àjẹ́. Síbẹ̀ ẹ kò lè ṣe kí ẹ má ní in, nítorí bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Ojú ń tì yín láti jẹ́ olówó rẹ̀, ojú kò tì yín láti jẹ gààrí tó bá yín ṣọ́.

Oògùn tí à ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ológbò lóṣooṣù, tó ń pa eégbọn ara rẹ̀ tó sì ń lé aràn inú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń bù fún èèyàn bí ẹ̀pà. Dókítà gbọ́dọ̀ rí ológbò náà, kó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kó mọ̀ bóyá ó lóyún tàbí ara rẹ̀ kò yá, kó tó kọ ọ́. Òfin wa nìyẹn. Ẹ̀yin á wá lọ́wọ́ òfo. Ẹ ó ní ti aládùúgbò ni. Ẹnìkan tilẹ̀ júwe ológbò kan fún mi títí dé ìrù, ó wá ní òun kò rí i rí.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, bàbá pàtàkì kan wá bá mi. Wọ́n ní eégbọn ń yọ ajá àwọn lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n mú ajá náà wá. Wọ́n ní kò pọn dandan, ajá kékeré ni, kò ju ológbò lọ. Mo kọ̀. Wọ́n bínú jáde, wọ́n lọ ra oògùn eégbọn ajá níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í béèrè nǹkan. Oògùn tó bá ajá lára mu yẹn, májèlé ni fún ológbò. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó wọn gbé ẹ̀dá kan wọlé nínú ìró. Ẹ̀dá náà ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó náà ní, “Dókítà, ẹ bá wa wo ajá yìí.”

Lórí tábìlì mi, ajá ń ké bí ológbò. A wẹ̀ ẹ́, a gún un lábẹ́rẹ́, èmi àti Dókítà Azeemah kò jókòó. Ó kú. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, torí ẹnìkan ti tọ́jú ológbò yẹn dáadáa. Ìyàwó náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nínú ẹkún náà pàápàá, kò lè dárúkọ ohun tó kú.

Bàbá yẹn wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ yé wo ara yín. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ikú náà kò kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Wọ́n ní bí mo bá ti lọ tán, kí Azeemah tó ń gba ipò mi máa kọ oògùn láì rí ẹranko, kí ojú má bàa máa ti àwọn ẹni ńlá. Ìgbìmọ̀ wa sì ń mi orí sí i. Ṣé báyìí ni àgbà ṣe ń tọ́ ọmọ sọ́nà? Azeemah, ọmọ mi, gbọ́ mi níwájú wọn. Bí o kò bá tíì fọwọ́ kan ológbò náà, má kọ oògùn. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò lé ọ, jẹ́ kí wọ́n lé ọ. Ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ; má jẹ́ kí ìtìjú wọn bà á jẹ́.

Ẹnì kan ni kò purọ́ fún mi rí, Ìyá Wòsílátù aránṣọ. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé ológbò wọn gba àárín ìgboro nínú apẹ̀rẹ̀ tí kò ní ìdérí, tí àwọn ọmọdé ń pariwo àjẹ́ tẹ̀lé wọn. Ológbò yẹn ti darúgbó báyìí, eégbọn kan kò sí lára rẹ̀. Ẹ wẹ̀yìn. Ìyá ló jókòó sí ìparí yẹn. Gbọ̀ngàn kún, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ àga méjì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ṣé ẹsẹ̀ kò dùn yín?

Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà. Èkúté kò ní jẹ yín ní oúnjẹ tán. Ẹran ọ̀sìn yín yóò darúgbó lójú yín, ní gbangba. Azeemah, apá wọn kò ní ká ọ. Mo fẹ́ràn gbogbo yín ju bí ẹnu mi ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Tábìlì ọlọ́lá tí ẹ tẹ́ fún mi dára, ṣùgbọ́n n kò ní padà síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Wòsílátù ni mò ń lọ jókòó. Ó ku àga kan. Alága wa, Olóyè Bọ̀wálé, ẹ máa bọ̀ wá gbà á. Ológbò yín ló kú, kì í ṣe ajá. Ẹ ṣé o.