Kókó Tó ń Bojú Wẹ̀yìn

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo ṣì ń bá ìgbì sáré létí òkun, bàbá mi kì í ṣọ́ àgbọn rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Kì í ṣọ́ ọ. Á kó o jọ sórí iyanrìn, òkìtì bí ilé, á sì bá tirẹ̀ lọ sídìí àwọ̀n. Ó lè di ọjọ́ kẹta kó tó padà. Kò sí ọgbà, kò sí ajá, kò sí kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé sórí ògiri nísinsìnyí bí ojú òwìwí. Àálè ni. Ìkarahun ìgbín kan, ṣùkù àgbàdo kan, àkísà, àti okùn tó so gbogbo rẹ̀ mọ́ igi. Ó parí. Ta ni ó fọwọ́ kàn án?

Èmi ni. Èmi àti Sẹ̀tọ́njí, ọmọ àbúrò bàbá mi. Ebi ń pa wá, a yọ ẹyọ kan, a fọ́ ọ mọ́ imú ọkọ̀ ojú omi, a mu omi inú rẹ̀, a jẹ ẹ́ tán. Bàbá dé. Ó wo òkìtì, ó wo ẹnu wa. Mo ní ọjọ́ ikú mi rèé. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó fún wa ní okùn. Ó ní ká jókòó. Ó kọ́ wa bí òun ṣe ń so ó… kókó méjì, àkọ́kọ́ kọjú síwájú, èkejì kọjú sẹ́yìn, bí ẹni tó ń lọ tó tún ń bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́lòmíràn tó ń so ó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo etí òkun yẹn. Ó ní, "Kì í ṣe okùn lẹ rí yìí. Ara mi ni mo so síbẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n so, kò ní lè jí i mọ́."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. N ò jalè mọ́ títí dòní. Àfi ẹran inú ìkòkò ìyá mi, ìyẹn kì í kúkú ṣe olè.

Sẹ̀tọ́njí dàgbà, ó bá àwọn apẹja lọ sí Àjàṣẹ́, lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́. Nígbà tó yá, kò ránṣẹ́ mọ́. Àwọn kan ní ó ti kú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gé èékánná àti irun rẹ̀ wálé, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú sájò. A ò sin ín, a ò sì retí rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn síbì kan ná, màá padà débẹ̀.

Ó wá di ọdún yìí, lẹ́yìn Àjíǹde. Iyọ̀ ni mo fẹ́ lọ rà lọ́jà Agbalata. Iyọ̀ lásán o. Ẹ̀gbọ́n yín, Sẹ́námì, ní mọ́tò kan ń lọ síbẹ̀, kí n wọlé. Dàpọ̀ ló jókòó nídìí ọkọ̀, ọmọ Èkìtì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn wa, tó ń ṣiṣẹ́ lápá Òtò. Mo jókòó sẹ́yìn bí ìyàwó tuntun. A dé Agbalata… wọn ò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀. Sẹ́námì já ìwé pélébé kan lára igi, ó sáré padà wọlé, ó ń kà á.

Wọ́n ní eré ni. Ẹ gbọ́ eré o. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò gbé agolo kan pamọ́. Wọ́n kọ àlọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá já àlọ́, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ó wa mọ́tò lọ. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó tún bá ìwé mìíràn. Mọ́tò mẹ́rin ló ń du ú. Ẹnu yà mí. Àlọ́ tí àwa ń jókòó sójú kan pa, tí a ò ná ju itọ́ ẹnu wa lọ, ẹ̀yin wá ń fi epo mọ́tò pa á?

Àfìgbà tí Sẹ́námì sọ fún mi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé agolo yẹn dé, maṣíìnì ìránṣọ tuntun ni wọn yóò fún un. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí ti gba fírídọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láti èṣí. Ó mọṣẹ́ tán, kò ní maṣíìnì. Bí ọ̀gá bá dìde lórí tirẹ̀ láti jẹun, ìgbà yẹn ló ń sáré rán aṣọ oníbàárà tirẹ̀. Ṣé ayé nìyẹn? Mo ní, Dàpọ̀, máa wakọ̀. Iyọ̀ á dúró.

Ìwé ọwọ́ Sẹ́námì ní òun kò lẹ́sẹ̀, òun sì ń gbé ẹlẹ́sẹ̀ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀. Dàpọ̀ ń tẹ fóònù. Sẹ́námì ní kẹ̀kẹ́ ni. Mo ní, ẹ wà létí ọ̀sà, ẹ ò mọ ọkọ̀ ojú omi? A dé èbúté, ìwé wà lára òpó níbẹ̀. Ìyẹn rán wa lọ sí Kankon. Ní Kankon la ti bá èyí tó le jù. Sẹ́námì kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí:

"Ẹgbẹ̀rún ọmọge wọ adé, wọ́n gbé omi sórí, wọ́n ń wo òkun, wọn ò wẹ̀. Ọlọ́dẹ wọn kò lójú, kò lọ́wọ́, olè ń sá fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni agolo wà."

Dàpọ̀ tún ń tẹ fóònù. Èmi, n ò lọ ju kíláàsì kejì lọ o. Mo ní oko àgbọn tó wà létí òkun ni, ọlọ́dẹ tí kò lójú yẹn, àálè ni. Dàpọ̀ yí ojú wò mí. Fóònù rẹ̀ ní ká yà. Bí a bá yà níbẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ ẹja là bá sùn. Mo ní kó máa lọ tààrà lọ́nà ẹnu ibodè, kó wá gba ọ̀nà iyanrìn.

Nígbà tí a débẹ̀, mọ́tò méjì ti ṣáájú wa. Mo ní ó ti tán. Sẹ́námì bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo nǹkan. Òkìtì àgbọn rèé, àálè rèé lára igi, agolo rèé nísàlẹ̀, ó ń dán. Gbogbo wọn sì dúró yí i ká, ọwọ́ sẹ́yìn, bí ọmọ tó ń gba ìbáwí. Ọkùnrin kan wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn. Dàpọ̀ ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, kí lẹ dúró ń wò?" Ẹni kóòtù ní, "Ọmọ Èkìtì, òògùn pọ̀ nílé yín. Wá gbé e." Dàpọ̀ gbé ẹsẹ̀ méjì, ó rántí pé okùn bàtà òun ti tú.

Wọ́n pe olórí eré lórí fóònù. Ó ní eré ni, pé bàbá tó ni àgbọn ló bá òun so ó, kí èrò ọ̀nà má baà gbé agolo lọ. Ẹni kóòtù ní bó bá jẹ́ eré, kí olórí fúnra rẹ̀ máa bọ̀ wá gbé e. Ẹ̀rù tó ní kó ba olè ló wá ba àwọn tó ń ṣeré. Mo rò pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò bẹ̀rù nǹkan kan mọ́. Háà.

Sẹ́námì nu ojú. Ó ní, "Màmá, maṣíìnì mi ló wà níbẹ̀ yẹn." Ó na ọwọ́. Mo fa ìró rẹ̀ padà. Mo ní jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó, a kì í bẹ̀rù ohun tí a ò tíì wò.

Mo tẹ̀ ba. Mo wo okùn.

Kókó méjì. Àkọ́kọ́ kọjú síwájú. Èkejì… ń bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ! Orí iyanrìn ni mo jókòó sí. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Èmi kọ́ ni mo so ó. Ta ló kù? Ahéré kan wà lẹ́yìn òkìtì, imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi bò ó. Mo kọjú síbẹ̀, mo pariwo, "Sẹ̀tọ́njí o!"

 Arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ jáde, ó gbá ẹnu ọ̀nà mú. Ó wò mí títí. Èdè Ègùn ilé wa ló fi sọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké: "Ìwọ lo fọ́ ọ mọ́ imú ọkọ̀. Èmi kàn jẹ níbẹ̀ ni."

Gbogbo ọdún yẹn, kò tíì gbà pé òun jalè. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, n ò mọ èwo ló ṣáájú.

Ó ti pé oṣù mẹ́fà tó ti dé. Ó wá wa, ó bá títì tí wọ́n ń fẹ̀ lórí ibi tí ilé wa wà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a kó lọ. Ó ní òun wá ń so kókó yẹn mọ́ gbogbo nǹkan, mọ́ igi, mọ́ ọkọ̀, mọ́ àpò àgbọn tó ń lọ sí Agbalata. Ó ní, "Ẹni tó bá lè kà á, ẹbí mi ni." Mo sì ń lọ sí Agbalata! Mo ń ra ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àgbọn, n ò wo ẹnu àpò rí.

Ó tú àálè náà fúnra rẹ̀, ó gbé agolo lé Sẹ́námì lọ́wọ́. Ẹni kóòtù ní àwọn ló kọ́kọ́ dé. Sẹ̀tọ́njí bi í pé, ìgbà tó dé, ta ló kí? Ó bọ́ kóòtù rẹ̀. Dàpọ̀ wakọ̀ yẹn bí ẹni pé wọ́n ń lé e.

Ìró maṣíìnì tí ẹ ń gbọ́ ní yàrá yẹn, òun náà nìyẹn. Bàbá tó sì sùn sábẹ́ igi tó ń hanrun yẹn, ẹ má jí i.

Hùn… ayé ti yí. Ilé ń wó, ọ̀nà ń yà síbi tí kò yà sí rí, fóònù yín gan-an ò mọ̀ ọ́n. Bó bá di ọjọ́ kan tí ẹ sọnù sí ara yín, kí lẹ ti so sílẹ̀ tí ẹbí yín á fi mọ̀ yín?

Ẹ gbé okùn yẹn wá. Ẹ jókòó. Ọwọ́ òsì ló ń kọ́kọ́ mú un.